Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ̀: Èsì sí Lẹ́tà tó Bá Àwọn Ọmọ Arsenal Wí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àfaradà ìlú. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, London ni mo ń gbé báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé lẹ́tà inú ìwé ìròyìn yín ránṣẹ́ sí mi, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára. Èyí tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ká èmi náà lára.

Bàbá kan láti Òṣogbo níbẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n ní ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2023 yìí, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde láti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ládùúgbò wọn, wọ́n ń sáré kiri títì, wọ́n ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì jù sókè, torí pé Arsenal na Bournemouth ní 3-2. Wọ́n béèrè pé nígbà tí náírà tuntun kò sí, tí ọlọ́jà kò gba ti àtijọ́, tí àwọn èèyàn ń ti ìdájí tò sẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì, kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù London? Wọ́n tún ní Bournemouth wà nísàlẹ̀ tábìlì, pé ẹgbẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ìṣẹ́jú 97 kó tó na irú wọn, pé oríire lásán ni Arsenal jẹ.

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín jiyàn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Bournemouth. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì eré àwa ọmọ Arsenal gan-an, Liverpool gbá Manchester United ní 7-0. Gbogbo ayé ló gbọ́. Nígbà tó wá di Àbámẹ́ta tó kọjá yìí, Liverpool yìí kan náà lọ bá Bournemouth nílé wọn, Bournemouth sì nà wọ́n ní 1-0. Mohamed Salah gbá pẹnáritì síta. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù Bournemouth wọlé? Philip Billing, ẹni tó gbá tiwa náà wọlé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ tábìlì ń jà kó má bàa já bọ́ kúrò nínú líìgì, ó sì le láti ṣẹ́gun ẹni tí ẹ̀rù ilé ń bà.

Bí Billing ṣe gbá tiwa wọlé yẹ ní sísọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré, Bournemouth kó èèyàn jọ sí apá òsì, gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, wọ́n yí bọ́ọ̀lù gba apá ọ̀tún fún Dango Ouattara, òun náà gbé e wọ àárín, Billing kàn tì í sílé ni. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá 9 àti díẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Premier League ti wà, ẹyọ kan ṣoṣo ló yá ju ìyẹn lọ, èyí tí Shane Long gbá fún Southampton ní ọdún 2019. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe láìdánrawò. Mi ò ní gbèjà bí àwọn tiwa ṣe sùn lọ níbẹ̀ o. Inú bí mi. Inú tún bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú 57, nígbà tí wọ́n gbé kọ́nà wá, tí Marcos Senesi fò sókè láàárín àwọn adìlémú wa, tó fi orí kàn án wọlé. 2-0, nínú ilé wa.

Ẹ rántí pé ṣáájú ká tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Manchester City ti gbá tiwọn, wọ́n ti na Newcastle ní 2-0. Àmì méjì péré ló kù láàárín àwa àti wọn. Láti ọdún 2004 tí Arsenal ti gba líìgì láìpàdánù ẹyọ kan, a kò tíì gbà á mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń dìbò báyìí. Ohun tó wà lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn nìyẹn nígbà tí eré di 2-0, tí gbogbo èèyàn tó wà ní pápá dákẹ́.

Bàbá ní kí ló kàn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀gbẹ́ Hornsey Road ni mo ń gbé, ní àríwá London. Ìrìn díẹ̀ ló wà láàárín ilé mi àti Emirates, pápá Arsenal. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé kò mọ̀ ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá láago mẹ́ta ọ̀sán Àbámẹ́ta kì í jáde lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́ta lù, ó di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó lè fi bọ́ọ̀lù hàn, kí àwọn èèyàn má bàa jókòó sílé, kí wọ́n lè lọ wo àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àdúgbò wọn. Ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, rédíò ló kù fún un. Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, èèyàn tó ń wá a pọ̀ ju àga lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pápá náà ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta èèyàn. Èmi kò rí ti ọjọ́ yẹn.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, mo sùn díẹ̀, mo jí, mo gbé omi tíì kaná, mo ṣí fèrèsé kíṣìnì sílẹ̀ pẹ̀lú òtútù rẹ̀, mo sì pe àbúrò mi. Aago mẹ́rin ni tiwọn ní Òṣogbo. Ó ti jókòó sínú ilé ìwòran ní Òkè-Fíà, níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Kò tíì kí mi tán tí mo fi gbọ́ ariwo kan láti ọ̀nà pápá. Ariwo náà kéré, kò tó ti onílé. Ara mi sọ fún mi pé àlejò ló ń yọ̀ yẹn. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ tí àbúrò mi ké lórí fóònù pé, "Yéè! Àǹtí mi, wọ́n ti gbá a sílé wa!"

Bí a ṣe ṣe é dé òpin nìyẹn. Èmi ni mò ń gbọ́, òun ló ń rí. Àwòrán máa ń pẹ́ kó tó dé Òṣogbo, ariwo kì í pẹ́ kó tó dé fèrèsé mi. Òun ló sọ fún mi pé Leandro Trossard fara pa, pé Emile Smith Rowe ti wọlé. Òun ló sọ pé lẹ́yìn ìsinmi, Ben White ti gba ipò Tomiyasu. Nígbà tó di 2-0, mo gbọ́ àwọn ọmọ Man U tó wà nínú ilé ìwòran yẹn tí wọ́n ń kọrin lé wa lórí. Wọn kò tíì mọ ohun tí Liverpool máa fi ojú wọn rí lọ́jọ́ kejì.

Ìṣẹ́jú 62, kọ́nà, Smith Rowe fi orí dá bọ́ọ̀lù padà, Thomas Partey tì í wọlé. Fèrèsé mi gbọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Mikel Arteta, yọ Smith Rowe tó ti gba ipò Trossard, ó fi Reiss Nelson sí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Nelson gbé bọ́ọ̀lù gíga kan láti apá òsì, White gbá a láìjẹ́ kó balẹ̀. Ariwo sọ, ó tún fẹ́ dákẹ́, ó tún wá sọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ń pariwo pé, "Aṣọ́lé ti gbà á, aṣọ́lé ti gbà á!" Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ké pé, "Ó wọlé! Ó ti kọjá ilà!" Neto, aṣọ́lé Bournemouth, ti fi ọwọ́ gbá a síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilà ti rí i pé gbogbo bọ́ọ̀lù náà ti wọlé, ó sì ti sọ ọ́ sínú aago ọwọ́ rẹfirí. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí White gbá sáwọ̀n fún Arsenal láti ìgbà tó ti dé nìyẹn. 2-2.

Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀gbẹ́ ilé Bournemouth ni gbogbo eré wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní oríire ni, kó wo bí wọ́n ṣe gbá ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn yẹn. Wọn kò kàn ń gbá bọ́ọ̀lù sókè kí orí ẹni tó bá wù ú lè kàn án. Wọ́n ń gbé e láti apá ọ̀tún sí òsì, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń wá àyè, bí Bournemouth bá sì lé e jáde, àwọn tiwa ti dúró síta láti tún mú un. Kọ́nà lórí kọ́nà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe Man U, ìṣẹ́jú 90 ni Eddie Nketiah gbá ìkẹta wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, a lọ bá Aston Villa nílé wọn, 2-2 ni nígbà tí 90 pé, 4-2 ni nígbà tí rẹfirí fọn fèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan la lè pè ní oríire, Bàbá. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, iṣẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi kún un. Àbúrò mi ti dákẹ́, mímí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo dìde, mo di fèrèsé mú. Lójijì ni gbogbo àdúgbò bú gbàù. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbẹ̀. Gíláàsì fèrèsé ń dún, ẹnì kan tó wà lókè ilé mi ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ajá ń gbó nísàlẹ̀. Mo ké sínú fóònù pé, "Ó ti wọlé o! Ó ti wọlé!" Àbúrò mi ní, "Rárá o, Àǹtí mi, kọ́nà ni wọ́n ṣì fẹ́ gbá." Mo ní kó máa wò ó. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ka àáyá. Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ tiwọn. Àga ṣubú. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ àti ohùn àwọn ọmọ Òṣogbo lórí ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń pe "Nelson! Nelson!" bí ẹni pé ọmọ àgbàlá wọn ni.

Nínú èmi àti àbúrò mi, ta ló wà nítòsí pápá lọ́jọ́ yẹn? Èmi tí mo gbọ́ ariwo, àbí òun tó rí bí Nelson ṣe gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n lé jáde láti kọ́nà, létí àpótí, tó fi ẹsẹ̀ òsì tí kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an gbá a wọlé? Òun ló sọ fún mi. Bí kì í bá ṣe àwọn tó sanwó ilé ìwòran ní Òṣogbo, mi ò bá má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi títí di alẹ́. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní bọ́ọ̀lù yìí kò kan àwọn ọmọ yẹn, mi ò gbà.

Bàbá sọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo lọ́kàn mi, torí èmi náà ń fi owó ránṣẹ́ sílé, mo mọ ohun tójú àwọn èèyàn mi rí láti oṣù Kejì. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni eré yìí wáyé, síbẹ̀ ọlọ́jà kò tíì gbà á. Àbúrò mi kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi fóònù sanwó ilé ìwòran, owó náà kúrò nínú àpò báǹkì tirẹ̀, kò dé ti onílé. Onílé ìwòran wò ó, ó ní, "Wọlé, a jọ ń rí ara wa lójoojúmọ́," ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn tí ó kọ orúkọ wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe àbúrò mi nìkan. Nígbà tí iná lọ ní abala kejì, ó fa jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú epo tó ti fi pamọ́ fún ilé ara rẹ̀. Ṣé irú ibẹ̀ ni Bàbá fẹ́ kí wọ́n kúrò? Níbo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n lọ? Kí wọ́n padà sí ẹnu ẹ̀rọ báǹkì tí kò ní owó nínú ni? Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn wà lórí ìlà ìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, mo mọ̀ pé wọ́n á tún jáde lọ́jọ́ 18 oṣù yìí. Wọ́n ń ṣe tiwọn. Wákàtí méjì tí wọ́n fi wo bọ́ọ̀lù kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Bí Arsenal ṣe di tiwa náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òṣogbo nígbà tí Nwankwo Kanu lọ bá Chelsea ní Stamford Bridge, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Chelsea ti gbá méjì, òjò ti rẹ pápá, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kanu nìkan gbá mẹ́ta sáwọ̀n. Nígbà tó fẹ́ gbá ìkẹta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ilà, Ed de Goey tó jẹ́ aṣọ́lé ti jáde pàdé rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tàn án, ó kọjá, ó sì gbá a wọlé láti ibi tí èèyàn kò rò pé bọ́ọ̀lù lè gbà. Igbo ni Kanu, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó béèrè ìlú rẹ̀ ládùúgbò wa. Àtìgbà náà ni mo ti wà níbẹ̀. Ní báyìí, Bukayo Saka tó ń gbá apá ọ̀tún fún wa, Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bournemouth pàápàá ní Dominic Solanke, Yorùbá ni bàbá rẹ̀.

Àmọ́ Nelson ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín mọ̀ sí i. Apá Elephant and Castle ló ti wá, ní gúúsù London, nítòsí ibi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lẹ́bàá títì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal. Wọ́n yá a fún Hoffenheim ní Jámánì, wọ́n yá a fún Feyenoord ní Netherlands, ó lọ, ó bọ̀. Ó fara pa, ó san, ó tún padà sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni báyìí, ìwé àdéhùn rẹ̀ sì máa parí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá tí Saka fara pa nígbà tí a ń gbá Nottingham Forest, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó gbá méjì wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, a tún fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pè é yìí, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló lò lórí pápá: ó gbé ọ̀kan fún White, ó gbá ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó gbá a bí ẹni tó ti ń ronú nípa bọ́ọ̀lù yẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ kékeré. Àwọn tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì jù sókè ní Òṣogbo, tirẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀. Ó tọ́ sí i.

Lánàá, a lọ na Fulham ní 3-0 nílé wọn. Trossard tó fara pa lọ́jọ́ Bournemouth ló gbé bọ́ọ̀lù fún àwọn tó gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Àmì 66 la ní, City ní 61, eré mọ́kànlá ló kù. Mi ò mọ̀ bóyá a máa gba ife. Bí a bá gbà á, inú mi á dùn. Bí a kò bá gbà á, kò sẹ́ni tó lè padà lọ mú ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta kúrò lọ́wọ́ wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, Sporting láti Lisbon ń bọ̀ ní Emirates. 2-2 la jọ gbá nílé wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, Crystal Palace ló kàn, aago méjì níbí, aago mẹ́ta lọ́dọ̀ yín. Àbúrò mi ní kí n bá òun sọ fún Bàbá pé bí wọ́n bá lè yà sí ilé ìwòran ní Òkè-Fíà lọ́jọ́ Àìkú yẹn, àga iwájú ni àwọn máa gbé fún wọn, onílé ìwòran sì ti ní kí wọ́n má mú owó kankan dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Òṣogbo ní Holloway,
London, oṣù Kẹta, ọdún 2023.